Àlùfáà Samuel Johnson, Ẹni tí Ó Jókòó ti Àwọn Àgbà

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a máa ń gbàgbé nínú rẹ̀. Àrọ́bá kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dá rìn. Bí kò bá sí àgbà tí yóò la ẹnu rẹ̀, tí kò sì sí ọmọdé tí yóò jókòó tì í, àrọ́bá a bá ẹni tí ó ni ín wọ ilẹ̀ lọ. Nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, ó wù wá láti rán gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́, àwọn tí ń bẹ nílé àti àwọn tí ń bẹ ní ìdálẹ̀, létí ọkùnrin kan tí ó mọ èyí, tí ó sì fi ayé rẹ̀ ṣe é, tí ó sì gbé láàárín àwọn baba ńlá wa ní ìlú yìí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Orúkọ Àlùfáà Samuel Johnson kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan ìtàn ilẹ̀ wa. Òun ni ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé Ìtàn Àwọn Yorùbá, ìwé ńlá tí ojú-ewé rẹ̀ ju 600 lọ, tí àwọn ọ̀mọ̀wé, ìbáà ṣe ẹni tí ó fara mọ́ ọn tàbí ẹni tí ó ń bá a jiyàn, kò lè fò dá títí di òní. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ ìwé náà. Díẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ wa, àti bí ó ti kù díẹ̀ kí ó má dé rárá.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni a gbé bí Samuel Johnson, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni baba rẹ̀, Henry Erúgúnjìnmí Johnson, ọ̀kan nínú àwọn tí òwò ẹrú já kúrò lára igi ìdílé wọn, tí a sì dá sílẹ̀ lómìnira sí Sàró. Ìdílé náà a máa tọpa ìran wọn lọ dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún. Ọmọ méje ni a bí nínú ilé náà, Samuel sì ni ẹ̀kẹta. Mẹ́ta nínú àwọn arákùnrin rẹ̀ di ẹni tí a mọ̀ káàkiri: Henry di olóyè ńlá nínú iṣẹ́ àlùfáà, Nathaniel náà di àlùfáà, Obadiah sì di oníṣègùn òyìnbó. Kí òǹkàwé fi orúkọ Obadiah yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a níwájú.

Ní ọdún 1857, baba wọn kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Sàró láti wá ṣe iṣẹ́ ìhìnrere lábẹ́ Àlùfáà David Hinderer ní Ìbàdàn. Nígbà tí ọdún 1858 fi máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti dé Kúdẹtì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Samuel nígbà náà. Ará Jámánì ni Hinderer. Ìyàwó rẹ̀, Anna, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé wọn ní Kúdẹtì kì í ṣe ilé ìwé lásán. Wọ́n gba àwọn ọmọdé sínú ilé, wọ́n ń bá wọn jẹun, wọ́n ń bá wọn gbàdúrà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé. Nínú ilé yìí ni Daniel Olúbí ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó ti tẹ̀lé Hinderer wá, gbé ti ipò ọmọ ọ̀dọ̀ dé ipò olùkọ́.

Ní ọdún 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun dí, owó kò wọlé mọ́, oúnjẹ sì wọ́n gidigidi ní Kúdẹtì. Hinderer àti aya rẹ̀ ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn má bàa kú fún ebi. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ọmọdé tí ó là á já yóò kọ́ níbẹ̀. Kò sí ìwàásù tí ó lè kọ́ ọmọ pé àgbà fẹ́ràn rẹ̀ bí kí ó rí i pé àgbà náà bá a pín ebi. Àwa gbà pé ibẹ̀ ni Samuel Johnson ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kì í ti ẹnu nìkan wá.

Ní ọdún 1863, a rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ Gottlieb Bühler, ará Jámánì mìíràn. Bühler kò gbà pé kíka Bíbélì nìkan ni ó tó fún ọmọ aláwọ̀ dúdú tí yóò di olùkọ́. Ó fẹ́ kí ìmọ̀ wọn gbòòrò, àwọn kan nínú àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a wí pé ó ń kọ́ wọn jù. Nígbà tí Johnson jáde, ó padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní ọdún 1866. Ní ọdún 1869, Hinderer àti aya rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí ọwọ́ Olúbí. Àwọn kan ti rò pé ìjọ náà yóò túká. Kò túká, nítorí pé ẹni tí ó lọ ti fi ènìyàn sílẹ̀. Lábẹ́ Olúbí ni Johnson gbé ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì di olùkọ́ni ìjọ ní Arẹ̀mọ ní ọdún 1875.

ÀWỌN TÍ Ó FÚN UN NÍ ÌTÀN

Láàárín ọdún wọ̀nyí ni nǹkan kan ń dun Johnson lọ́kàn. Ó rí i pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kàwé mọ ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ baba wọn. Ó sì rí i pé àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogun tí ó ń jà káàkiri ilẹ̀ náà ń pa ẹni tí ó mọ ìtàn pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá tètè ṣe é, kò ní sí ẹni tí a óò bi mọ́.

Bí ó ti ṣe é ni ó yẹ kí a kíyè sí. Fún ìtàn ìgbà láéláé, ó tọ àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ lọ. Àwa ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ohun tí arọ́kin jẹ́. Iṣẹ́ ìdílé ni. Láti kékeré ni ọmọ arọ́kin ti ń tẹ̀lé baba rẹ̀, tí ó ń gbọ́ orúkọ àwọn ọba, oríkì wọn, ogun tí wọ́n jà àti ìyà tí ó jẹ wọ́n, títí yóò fi di ohun tí ó lè kà láì ṣi ẹnu. Kò sí tákàdá níbẹ̀. Ọmọ ni ìwé tí baba ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Johnson jẹ́ ẹni ìjọ, àwọn arọ́kin sì jẹ́ ẹni ààfin àti ti ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ wọn. Ó kọ ohun tí wọ́n sọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́.

Fún ìtàn láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá, ó yan ọ̀nà mìíràn. Ó wá àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn, tàbí àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ṣojú rẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ dárúkọ mẹ́ta nínú wọn nínú ìwé rẹ̀ kí ayé lè mọ ẹni tí ọpẹ́ yẹ. Èkíní ni David Kúkọ̀mí, baba ìjọ Ìbàdàn, ẹni tí ó ti bá wọn lọ sí ogun nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì dàgbà darúgbó kí ó tó kú. Èkejì ni Josiah Òní, oníṣòwò aláyà líle tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ìgun ilẹ̀ Yorùbá, tí ojú rẹ̀ sì là sí ohun tí ó ń lọ. Ẹ̀kẹta ni Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ, ọba tí gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀ sí òpìtàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbára lé.

Ẹ wo irú àwọn ènìyàn tí wọ́n jẹ́: jagunjagun, oníṣòwò, àti ọba. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè lọ bá ní ọjọ́ kan pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí a sì rò pé yóò tú ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Àgbà Yorùbá kì í sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Kúkọ̀mí mọ Johnson gẹ́gẹ́ bí ọmọ inú ìjọ kí ó tó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ ìtàn. Ìbáṣepọ̀ ni ó ṣáájú, ìbéèrè ni ó tẹ̀ lé e. Ó lé ní 20 ọdún tí Johnson fi ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìtàn tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ì tíì di ìtàn. A gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn kí a tó mọ ibi tí ó gún àti ibi tí ó wọ́.

ÌTÀN DI IṢẸ́ ÀLÀÁFÍÀ

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ń gba ìtàn sílẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ń wo ayé. Ogun tí a ń pè ní Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1877, ó sì ń jẹ ilẹ̀ náà run. A fi Johnson jẹ díákónì ní ọdún 1880. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, ẹni tí ó ń wá ọ̀nà tí ogun náà yóò fi parí, fi iṣẹ́ rán an sí àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti sinmi lójú ọ̀nà, láàárín Ọ̀yọ́ àti Èkó, láàárín bùdó Ìbàdàn ní Ìgbájọ àti bùdó àwọn Èkìtìparapọ̀ ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ààrẹ Látòósà ti kú sí ojú ogun ní ọdún 1885. Ní ọdún 1886, Johnson pẹ̀lú Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó ni Gómìnà Moloney rán sí ìhà méjèèjì láti bá wọn sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, a tẹ ọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ilé ogun méjèèjì sì tú, wọ́n dáná sun bùdó wọn.

Kí ni ó mú kí àwọn ológun àti àwọn ọba gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu? Àwa rò pé ohun kan náà tí ó jẹ́ kí àwọn àgbà pìtàn fún un ni. Ó mọ ibi tí ìjà ti ṣẹ̀ wá, ó mọ ẹni tí ó ṣẹ ẹni, ó sì mọ bí a ti í fi ọ̀wọ̀ bá ẹni tí ó ju ni lọ sọ̀rọ̀.

BÍ ÌWÉ NÁÀ ṢE SỌNÙ

Ní ọdún 1887, a gbé iṣẹ́ ìjọ Ọ̀yọ́ lé Johnson lọ́wọ́. Ní ọdún 1888 ó gba oyè àlùfáà ní kíkún. Níhìn-ín ní ìlú wa ni ó ti parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897. Ní ọdún 1899, a fi ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1900, nígbà tí Obadiah, àbúrò rẹ̀ oníṣègùn, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ bi wọ́n. Wọ́n sọ fún un pé ìwé náà ti sọnù, wọn kò rí i mọ́, wọn yóò sì san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ létí Obadiah, ó fura pé ó ní ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Èló ni a óò san fún 20 ọdún iṣẹ́? Èló ni a óò san fún ọ̀rọ̀ Kúkọ̀mí, tàbí ti àwọn arọ́kin tí ó ti lọ?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson jáde láyé. Ọmọ ọdún 54 ni. Kò rí ìwé rẹ̀ kí ó tó kú.

Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe, ìtàn wa ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń mú àbúrò rẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Obadiah mọ èrò rẹ̀, ó mọ ọ̀nà tí ó gbà kó ọ̀rọ̀ jọ, àwọn ìwé kéékèèké tí Samuel ti kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe kíákíá ni ó ṣe é. Ìbànújẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀, iṣẹ́ ìlú sì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí ó wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí a tún fi ìwé ránṣẹ́, ọkọ̀ Appam ni ó gbé e. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí a tó rí ẹrù náà kí ó sì tó dé ọwọ́ atẹ̀wé. Nígbà tí ó dé, ogun ti sọ tákàdá di ọ̀wọ́n. Ní ọdún 1920 ni Obadiah náà kú. Ní ọdún 1921 ni ìwé jáde, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti lọ.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

A kò ní sọ pé ìwé náà kò ní àbùkù. Johnson fi ojú Ọ̀yọ́ wo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì sún mọ́ Ìbàdàn ju àwọn ìlú mìíràn lọ. Àwọn Èkìtì, àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá ní ohun tí wọ́n lè sọ nípa bí ó ti pìtàn wọn, ó sì tọ́ kí wọ́n sọ ọ́. Òun tìkára rẹ̀ ni ó rọ àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ nípa ìlú tiwọn. Àwọn kan sì ṣe é: Isaac Akinyẹle, ẹni tí ó padà di Olúbàdàn, tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní ọdún 1911, M. C. Adéyẹmí kọ ti Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí ní ọdún 1914, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ wọ́n.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun mẹ́ta ni a rí kọ́ nínú ayé ọkùnrin yìí. Èkíní ni pé olùkọ́ tòótọ́ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró nígbà tí ó lọ. Hinderer lọ, Olúbí dúró. Samuel kú, Obadiah gbé àgbéyọrí. Ẹni tí ó bá ń ṣe ohun rere ní ìlú yìí láì ní ọ̀dọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Èkejì ni pé ẹni tí ó fẹ́ gba ọgbọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ń bẹ ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé dára, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá pe ìyá àgbà lórí fóònù, ẹ má ṣe béèrè àlàáfíà nìkan. Ẹ bi í pé ta ni ó tọ́ ọ, ọjà wo ni ó ń ná nígbà èwe rẹ̀, kí ni a ń pè é ní oríkì àti ìdí rẹ̀. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Fóònù tí ẹ fi ń pè é lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí Johnson ti ìbá ti yọ̀ tó bí ó bá ní irú rẹ̀!

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwa àgbà. Ẹ jẹ́ kí a yé sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ gbọ́. Tìmì Lágúnjú kì í ṣe ọmọdé, ọba ni, síbẹ̀ ó rí àyè láti pìtàn fún ọmọ ìjọ kan tí ó fẹ́ mọ̀. Àgbà tí ó bá di ẹnu pa mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ó má ṣe dá ọmọ lẹ́bi ní òwúrọ̀. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀yọ́ bá lè yan ọmọ kan tì àgbà kan láàárín ọdún yìí sí ọdún tí ń bọ̀, kí a sì fi ẹ̀dà ohun tí a bá kọ sílẹ̀ sí ibi méjì, kí ó má baà jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ó wà, a ó ti ṣe ju kí a kàn máa yin Johnson lọ.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ìtàn Ọ̀yọ́ sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín, àṣẹ.